Pákó Iwájú Ilé Tọ́ntọ́n

Láti Èjìgbò dé Másífà, kẹ́ ẹ tún kọjá lọ sí Ìsúndunrin, kò sẹ́ni tó lè fọ pákó bíi tèmi. Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó ń fọ nǹkan o. Àwọn tó ń fọ mọ́tò wà, àwọn tó ń fọ aṣọ wà. Pákó ni mo wí. Pákó tí oòrùn ti sun, tí òjò ti pa, tí ewúrẹ́ ti sọ di ṣáláńgá, tó ti funfun bí egungun tí ajá jẹ kù: ẹ gbé e fún mi, màá dá a padà fún yín bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á. Tẹ́ ẹ bá rí ẹlòmíì tó ní òun náà lè ṣe é, ẹ ní kó wá bá mi níwájú ilé Tọ́ntọ́n, kó mú búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ dání.

Mo fi sẹ́kọ́ńdìrì sílẹ̀ kó tó parí. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Àwọn tó parí ẹ̀ ńkọ́? Ṣebí wọ́n wà lójúde, wọ́n ń tẹ fóònù. Mo kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, mo fi í sílẹ̀, torí omi tí ọ̀gá ń rán mi pọn ju iṣẹ́ tó ń kọ́ mi lọ. Mo lọ sí Òṣogbo lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó máa ń gba àga àti tábìlì tó ti gbó, á bó o, á kùn ún, á dà bí tuntun. Ìyẹn wọ̀ mí lójú. Kí ọ̀gá yẹn tó mọ̀ pé mo ti mọ iṣẹ́ náà, mo ti mọ̀ ọ́n tán, mo sì ti padà sílé. Ọpọlọ tí ò yá ló ń mú èèyàn pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Tọ́ntọ́n ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Àbíjàn. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá lọ́hùn-ún nìyẹn, àwa náà bá wọn ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé. Àtikékeré ni wọ́n ti lọ, wọ́n ń ta páàtì ọ̀kadà lọ́jà Àjàmé. Nígbà tí wọ́n máa kọ́lé sí Èjìgbò, gbogbo ayé ló ń lẹ táìlì síwájú ilé. Tọ́ntọ́n ní àwọn ò lẹ táìlì. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tó ń gbé etí ọ̀sà ní Àbíjàn, pákó ni wọ́n ń tẹ́ síwájú ilé, pé nírọ̀lẹ́ wọ́n á gbé àga síbẹ̀, wọ́n á máa mu kọfí. Wọ́n ní báwọn náà ṣe fẹ́ máa ṣe nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ Iléyá nìkan ló ń gbé wọn wálé!

Wọ́n sáà ṣe é. Káfíńtà la ìrókò, ó tẹ́ ẹ sórí òpó kúkúrú, ó ga kúrò nílẹ̀ dé orúnkún, ó lọ láti igun ilé kan dé èkejì. Tọ́ntọ́n ń pè é ní tẹ̀ráàsì. Àwa ń pè é ní pákó. Wọ́n jókòó síbẹ̀ ní Iléyá ọdún yẹn, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n padà sí Àbíjàn.

Bí wọ́n ṣe kẹ́yìn síbẹ̀ báyìí ni gbogbo agbo ilé gun orí ẹ̀. Ẹ ò mọ àwọn èèyàn mi ni. Ẹ gbé nǹkan gidi síwájú wọn, kẹ́ ẹ wá wo bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ di ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọ ń tọ̀ sí i. Ewúrẹ́ ń sùn síbẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀, wọ́n sì ń fi nǹkan sílẹ̀ tí wọ́n bá jí. Èyí tó wá burú jù ni Ìyá Aláfún, ìyàwó àbúrò bàbá mi. Láfún ni wọ́n ń ṣe tà. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n á fún omi ẹ̀, wọ́n á wá sá a sóòrùn kó gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀, orí àpáta lẹ́yìn ilé ni wọ́n ń sá a sí. Ìgbà tí pákó dé, wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà àwọn. Omi ẹ̀gẹ́ ń wọ inú igi lójoojúmọ́, òjò ń rọ̀ lé e, oòrùn ń sun ún, títí pákó fi hu, tí àlàfo àárín igi kún fún ìdọ̀tí, tí ibi tí oòrùn ò dé sì ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Ìrókò o! Igi tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù nínú igbó, ewúrẹ́ ń yàgbẹ́ sí i lára ní Èjìgbò.

Kò sẹ́ni tó bìkítà, àfi ọjọ́ tí Tọ́ntọ́n pè lórí wásáàpù tí wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kejì ló di fóònù mú. Òun ló ka ìwé jù nínú agbo ilé wa, ó ti parí Pólì, ojoojúmọ́ ló ń ti aṣọ bọ ṣòkòtò bí ẹni tí wọ́n ń retí níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Akọ̀wé ni mo máa pè é níbí. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, torí náà lójú ẹ̀, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ẹ̀ jí bí?” ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń sọ ìtàn yìí, mi ò ní “ẹ” kankan fún un níhìn-ín.

Akọ̀wé ń fi fóònù han Tọ́ntọ́n yíká. Ó fi ògiri hàn wọ́n, ó fi fèrèsé hàn wọ́n, ó fi ojú ọ̀run hàn wọ́n. Kò gbé e wálẹ̀.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé e wálẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n rí pákó.”

Ó fojú bá mi wí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, Tọ́ntọ́n ti gbọ́.

“Ẹ fi pákó mi hàn mí.”

Ó gbé e wálẹ̀. Tọ́ntọ́n sún ojú mọ́ fóònù.

“Sé kwá sa? Kí lèyí?”

“Pákó yín ni, Tọ́ntọ́n,” ni mo wí látẹ̀yìn.

“Pákó mi? Mo rò pé ẹ gbé mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ni!” Wọ́n bínú gan-an. Nígbà tí wọ́n bínú tán, wọ́n ní ká gbọ́, àwa méjèèjì. “Ìsọ̀ páàtì mi yìí ti fẹ̀ jù mí lọ. Tí mo bá wálé Iléyá yìí, ọ̀kan nínú yín ni n ó mú padà s'Ábíjàn. Ẹni tí mo bá rí ọwọ́ ẹ̀ lára pákó yẹn ni n ó mú. Ọ̀dà ẹ̀ ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Kí n tó dé, ẹ bá mi sọ ọ́ di pákó padà.”

Ẹ má rò pé torí pákó lásán ni mo ṣe ń pariwo. Ní ìlú tiwa níbí, tó ò bá tíì dé Àbíjàn, ọmọdé ni ẹ́, ò báà ní irùngbọ̀n. Àwọn tá a jọ ń jí máńgòrò ká, wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wálé ní Iléyá, wọ́n ń sọ Faransé sí àwọn ìyá tó ń ta búrẹ́dì, bí ẹni pé wọn ò mọ orúkọ búrẹ́dì mọ́. Àwọn aláìmọ̀kan! Mo mọ èyí tí ò lè ka “a b d” nínú wọn. Wọ́n á na ọwọ́ sí mi báyìí: “Ìwọ ṣì wà níbí?” Ìbéèrè yẹn ló ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè dá a lóhùn. Bọ́ọ̀sì Àbíjàn nìkan ló lè dá a lóhùn.

Nígbà tí ọ̀dà dé, òróró tí wọ́n fi ń kun pákó ni, nínú agolo ńlá kan, Faransé ni wọ́n kọ sí i lára. Akọ̀wé yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní òun ò kọ́ Faransé ní Pólì. Mo ní àwòrán wà lára ẹ̀: ìgbálẹ̀ kan, garawa omi kan, oòrùn kan, búrọ́ọ̀ṣì kan. Kí lèèyàn tún fẹ́ kà? Gbá a, fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, kó o tó kùn ún.

Ó ní, “Kí la tún fẹ́ fọ̀? Ṣebí ọ̀dà ló máa bò ó mọ́lẹ̀.”

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ máa kun àtíkè sójú tẹ́ ò tíì bọ́?”

“Mo ti kà nípa ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.”

“Kí wọ́n wí níbẹ̀?”

Kò sọ ohun tí wọ́n wí. Lọ́jọ́ kejì, ó yá búrọ́ọ̀ṣì onírin lọ́wọ́ wẹ́dà, irú èyí tí wọ́n fi ń ha ìpẹtà, ó gun orí pákó pẹ̀lú sálúbàtà. Ó ń ha á ní ìbúbúù! Igi ní ìlà lára, ẹni tó bá lójú máa rí i. Ìlà yẹn lèèyàn ń tẹ̀ lé. Akọ̀wé gba orí ẹ̀ kọjá bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, igi ń fà ya, ó ń rú fínrínfínrín bí irun àgùntàn. Kò tíì ha ibi tó tó ẹní kan tó fi di ẹ̀yìn mú. Ó wọlé lọ sùn. Bí iṣẹ́ tiẹ̀ ṣe parí nìyẹn. Mo fọpẹ́ fún Ọlọ́run tó fún un ní ẹ̀yìn dídùn.

Èmi wá bọ́ sójú ẹ̀. Mo kọ́kọ́ lé ewúrẹ́, mo gbá a. Mo fi ọ̀bẹ tó ti dá ha àlàfo àárín igi. Ẹ ò ní gba ohun tó jáde níbẹ̀ gbọ́: láfún tó ti di amọ̀, ìgbẹ́ ewúrẹ́, eyín ọmọdé, ìdérí ìgò, tẹ̀sùbáà tó já tí wọ́n ti torí ẹ̀ bú ọmọ ọlọ́mọ lólè. Mo fi òòlù gbá ìṣó tó gbérí padà sínú igi. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bu omi eérú. Eérú èèpo kòkó ni, omi tí wọ́n ń sẹ́ láti inú ẹ̀ fi ṣe ọṣẹ dúdú; ó ń jẹ ọwọ́ bí iná, mo fi ọ̀rá wé ọwọ́. Mo dà á sórí pákó, mo jẹ́ kó mumi díẹ̀, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ gbo ó, mò ń tẹ̀ lé ìlà igi, síwá, sẹ́yìn, síwá, sẹ́yìn. Omi tó ń ṣàn jáde dúdú bí omi gọ́tà.

Àwọn tó ń kọjá kò jẹ́ n gbádùn. “Ẹ kú ìwẹ̀ òkú o!” “Ṣé o ń wá góòlù lábẹ́ ẹ̀ ni?” Ọlọ́kadà kan tiẹ̀ dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì, kó lè ráyè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ó ní, “Àbúrò, tó o bá parí ìyẹn, igi máńgòrò kan wà lójúde wa, ó ti dọ̀tí, wá bá wa fọ òun náà.” Mo ní kó kọ́kọ́ lọ fọ ọ̀kadà ẹ̀, ká lè mọ àwọ̀ tó ní. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó tan ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Omi eérú máa ń mú igi ṣú. Mo mọ ìyẹn. Mo fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa, mo wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi, mo fi pa á lára. Ẹ wò ó, bí àwọ̀ yẹn ṣe ń jáde! Ó pọ́n, ó ń dán bí oyin, ìlà igi hàn gedegbe. Àwọn tó ń bú mi láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá fọwọ́ kàn án. Ìyá mi wò ó, wọ́n ní, “Àṣé ìrókò ni nǹkan yìí.” Wọn ò yìn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Ó wá ku kó gbẹ. Igi tó bá mumi, kò ní mu ọ̀dà. Èmi tí mi ò lè dúró de ìrẹsì kó jinná, mo fọwọ́ mú ara mi, mo dúró. Oòrùn ràn lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ jẹun. Ìgbà tí mo padà dé, pákó ti funfun láti òkè délẹ̀.

Láfún ni.

Ìyá Aláfún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ káàkiri, wọ́n ń kọrin wákà lábẹ́lẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Kí lo rí? Ṣebí mò ń sá láfún ni.”

“Orí pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀?”

“Torí pé o fọ̀ ọ́ náà ni! Àwọn oníbàárà mi ti ń sọ pé yanrìn ń dún nínú ọkà àwọn. Àlùbáríkà lórí ẹ, ọmọ mi. Wò ó bó ṣe mọ́! Èèyàn lè jẹun lórí ẹ̀.”

“Tọ́ntọ́n ló ní ká fọ̀ ọ́, ìyá, wọ́n fẹ́ ká kùn ún. Ẹ bá mi kó o.”

“Kí n kó láfún tútù lọ síbo? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń sá láfún nínú agbo ilé yìí.”

“Kò sí pákó níbí nígbà yẹn.”

“Ọlọ́run wá pèsè ẹ̀. Ṣé ìwọ lo máa ti ọwọ́ Ọlọ́run padà?”

Ta ló fẹ́ bá ìyàwó àbúrò bàbá ẹ̀ jà? Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo fúnra mi ru láfún lọ sórí àpáta. Mo padà wá fọ pákó. Ọjọ́ kejì, wọ́n tún sá a. Àwọn obìnrin ilé kejì náà ti gbọ́ pé ibì kan wà tó mọ́; wọ́n gbé tiwọn dé. Ìlú yìí! Tó o bá ṣe nǹkan kó dáa, wọ́n á gbé ẹ̀gẹ́ lé e lórí. Bí mo ṣe ń lé àwọn yìí lọ ni òjò ń ṣú, ìgbà òjò ni Iléyá bọ́ sí. Òjò bọ́ sórí láfún, láfún bọ́ sínú igi, ó di ẹ̀kọ mọ́ ọn lára. Mo ní ó di dandan kí n tún un fọ̀, kó sì tún rí oòrùn, kí ọ̀dà tó lè kàn án.

Wọ́n wá rán mi lọ sí Ìsúndunrin pé kí n lọ fa àgbò tí bàbá mi rà wá. Àgbò yẹn ò fẹ́ rìn, bí olórí ìjọba ló ń ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó fà á délé. Bí mo ṣe dé ojúde, òórùn ọ̀dà ló kọ́kọ́ pàdé mi.

Akọ̀wé ti kùn ún. Lórí omi, lórí láfún, lórí ohun gbogbo. Agolo Tọ́ntọ́n ti ṣófo sílẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ nínú àpò, ó ti ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí Tọ́ntọ́n tó ti wà lójú ọ̀nà. Òróró tútù máa ń dán nínú fọ́tò. Ó tiẹ̀ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn tí Tọ́ntọ́n fi dáhùn: “Mẹ̀sí, mẹ̀sí, ọmọ mi! Ìwọ ni mo ti rò pé ó máa jẹ́.”

Mo tẹ ìka kan sórí pákó, mo gbé e sókè. Ọ̀dà ń tẹ̀ lé ìka mi bí ọbẹ̀ ilá.

“Bọ̀ọ̀dá, eléyìí ò ní gbẹ. Láfún wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ n ha á kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.”

“Ó máa gbẹ. Ìwọ àti ìlara ẹ.”

“Ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ wò ó.”

“Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Tó o bá dé ibẹ̀, màá pe Tọ́ntọ́n báyìí pé o fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́.”

Iṣẹ́ ẹ̀! Mo so àgbò mọ́ igi máńgòrò, mo lọ sùn láìjẹun.

Tọ́ntọ́n dé lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Gbogbo agbo ilé ti pé. Akọ̀wé wọ jalabíà funfun báláú, ó ti fi sẹ́ńtì sára, ó dúró lórí pákó láti gba àlejò. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dún “ṣàà, ṣàà” tó bá gbé e, ó ń díbọ́n pé òun ò gbọ́. Tọ́ntọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, wọ́n gùn ún pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn ò tíì wolẹ̀. Kò sí bí ọmọ Yorùbá ṣe máa rí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ tó ti Àbíjàn dé, tí kò ní dọ̀bálẹ̀. Èmi dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn nísàlẹ̀. Ìyá Aláfún kúnlẹ̀ sórí pákó. Akọ̀wé ní tiẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n rí òun ju gbogbo wa lọ: ó nà gbalaja, ó fi àyà lélẹ̀, ó fi ikùn lélẹ̀, ó tiẹ̀ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀.

Àgbàlagbà kì í tètè ní kéèyàn dìde. Àdúrà ni Tọ́ntọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí wa. Wọ́n ní a ò ní rógun ẹjọ́. Wọ́n gbàdúrà fún àwọn tó ti kú, wọ́n gbàdúrà fún àwọn tí wọn ò tíì bí. “Àmín,” ni Akọ̀wé ń wí láti ilẹ̀, ọ̀dà ń mu jalabíà ẹ̀. Mo ti dìde ní tèmi. Mò ń wò ó. Tó bá jẹ́ pé àdúrà máa ń pẹ́ nígbà gbogbo bó ṣe pẹ́ lọ́jọ́ yẹn, n ò ní kánjú mọ́ láyé.

“Ó tó, ọmọ mi. Dìde.”

Ó fẹ́ dìde. Kò dìde. Ó tún fà. Jalabíà wá kúrò lára pákó pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí wọ́n ń ya àkísà. Ó dúró: ẹ̀yìn ẹ̀ funfun, iwájú ẹ̀ rí bí ẹni tí wọ́n rì sínú epo, láfún dì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Àwòrán ẹ̀ sì wà lórí pákó, pẹ̀lú apá, pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ìyá Aláfún fẹ́ fi ọwọ́ ti ara wọn sókè, ọwọ́ náà lẹ̀.

“Yéè! Ta ló da oyin síbí?”

Tọ́ntọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Wọ́n gbé èkejì.

“Ta ló kun èyí?”

Kí la fẹ́ dáhùn? Ìdáhùn wà láyà Akọ̀wé.

Ó ṣì lanu! “Òun ló fọ̀ ọ́, Tọ́ntọ́n. Kò fọ̀ ọ́ dáadáa.”

Mo ní, “Tọ́ntọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo igun tó wà lápá ọ̀tún yẹn.” Ọ̀dà ò dé ibẹ̀, agolo ló tán mọ́ ọn lọ́wọ́, láfún náà ò sì dé ibẹ̀. Ìrókò yẹn ń dán níbẹ̀ bí oyin tó wà nínú ìgò. Tọ́ntọ́n lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń lẹ̀ mọ́ pákó ní gbogbo ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa á. Wọ́n pa á títí.

“Ta ló ṣe ibí?”

“Èmi ni. Tí wọ́n bá jẹ́ kó gbẹ ni, bí gbogbo ẹ̀ ṣe máa rí nìyẹn.”

“Ṣé ó ṣe é tún ṣe?”

Ẹnu mi ò lè gbé jẹ́ẹ́. Mo ní, “Ó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣe é ní gbogbo Èjìgbò àfi èmi. Ẹ wá gbogbo ìlú. Ẹ wá Òṣogbo. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí níbí, pákó yìí ti dọ̀tí títí láé nìyẹn.”

Òtítọ́ ni mo sọ. Mo ṣì ń sọ ọ́ dòní.

Nígbà tá a pa àgbò tán, oòrùn wá jáde gidi. Mo fi ọ̀bẹ ha àwòrán Akọ̀wé kúrò, orí, apá, ẹsẹ̀, ó gbádùn mọ́ mi. Mo fi omi eérú sí i, mo gbo ó, mo ṣàn án, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Tọ́ntọ́n fúnra wọn jókòó sójú fèrèsé, wọ́n ń bá mi lé àwọn aláfún. Tí ìyá kan bá yọ pẹ̀lú agbọ̀n, wọ́n á pariwo: “Padà! Padà kíá!” Ìgbà tó gbẹ tí mo gbá erùpẹ̀ ẹ̀ kúrò, mo fi àkísà kun ọ̀dà tuntun tí Tọ́ntọ́n ní kí bọ́ọ̀sì gbé wá. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo kùn ún. Mo nu èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ó mu ún bí ilẹ̀ ṣe ń mu òjò àkọ́rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Tọ́ntọ́n gbé àga síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n mu kọfí wọn. Àwọn tó ń kọjá ń dúró. Ọlọ́kadà yẹn náà kọjá. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sáré lọ.

Mo ti di ẹrù mi. Mo ti fọ bàtà.

Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Tọ́ntọ́n pè wá sórí pákó, èmi àti Akọ̀wé. Wọ́n ní àwọn ti rò ó. Wọ́n kọjú sí Akọ̀wé, wọ́n ní, “Lọ di ẹrù ẹ.”

Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Mo ní, “Tọ́ntọ́n, ẹ ní ẹni tẹ́ ẹ bá rí ọwọ́ ẹ̀.”

“Mo rí ọwọ́ ẹ. Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá mú ẹ lọ, ta ló máa tọ́jú pákó yìí? Ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé kò sẹ́lòmíì, kí n wá gbogbo ìlú. Mo ti bi àwọn èèyàn, òótọ́ lo sọ.”

“Bọ̀ọ̀dá ńkọ́?”

“Ṣé kí n fi òun àti agolo ọ̀dà sílẹ̀ nínú ilé kan náà ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí ojú mi, wọ́n ní, “Gbọ́. Tí mo bá dé ní Iléyá tó ń bọ̀ tí pákó yìí ṣì rí báyìí, àbàwọ́n kan ò sí lára ẹ̀, ìwọ ló kàn. Mo búra.”

Bí ẹni tó bà á jẹ́ ṣe wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn, tí ẹni tó tún un ṣe dúró sílé. Akọ̀wé ti pè láti Àbíjàn. Ó ní iṣẹ́ ń lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n ń kígbe pé kó tètè gbé rọ́bà ọ̀kadà wá, ó sì ń wí fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun ń bọ̀. Pólì! Ó bi mí pé, “Ìwọ ṣì wà níbẹ̀?” Mo pa fóònù.

Mo wà níbí. Orí pákó náà ni mo jókòó sí tí mo fi ń kọ èyí, ọ̀pá tí mo fi ń lé ewúrẹ́ wà lọ́wọ́ mi kejì. Kò tíì sí àbàwọ́n kan. Mo ti kó àwọn ọmọ tó ń tọ̀ kúrò, mo ti fi okùn yí i ká, Ìyá Aláfún ò kí mi dáadáa mọ́ bí mo bá kí wọn láàárọ̀. Wọ́n ní mo ti di agbéraga torí igi. Kí wọ́n máa wí. Nígbà tí Iléyá bá dé, tí Tọ́ntọ́n bá bọ́ bàtà tí wọ́n gùn ún, tí mo bá…

Ta ló tú okùn yẹn? Ewúrẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́dọ̀ máa lọ báyìí.